Ẹ Dá Ọ̀gá Ilé-Ìwé Padà sí Kíláàsì: Lẹ́tà Láti Kúta

Sí Ọlọ́lá Kọmíṣọ́nà fún Ètò Ẹ̀kọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun,
Abéré, Òṣogbo.



Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀. Ọdún 35 ni mo fi di ṣọ́ọ̀kì mú, láti 1979 títí di 2014, kí n tó fẹ̀yìn tì sí Kúta níhìn-ín, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ayédire. Mi ò wá tọrọ owó, mi ò sì wá iṣẹ́ fún ọmọ. Nítorí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé wa ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín. Mo kọ ọ́ síta gbangba kí àwọn náà lè kà á, kí Kábíyèsí Olówu ti Kúta àti àwọn òbí náà sì gbọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ní táàmù tó kọjá, ọ̀rọ̀ ọmọ ọmọ mi gbé mi dé ilé-ìwé kan lágbègbè wa. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ọ̀gá wà ní títì. Akọ̀wé ní wọ́n ti lọ sí Òṣogbo, pé fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi lé àwọn aláṣẹ lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, àti pé ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn lọ́sẹ̀ náà. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kíláàsì JSS 2. Olùkọ́ wà nínú kíláàsì o, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ti kọ nóòtì kún pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀, lórí bí ewéko ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ. Àwọn ọmọ ń dà á kọ, kò sí ariwo. Ẹni tó bá ń kọjá lọ á ní kíláàsì tó dára nìyí.

Nígbà tí agogo lù, mo pe ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní, ìkọ̀wé rẹ̀ sì dùn ún wò ju tèmi lọ. Mo ní, "Ọmọ mi, kà á fún mi." Ó wo ìwé, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín ìtìjú. Mo fi ìka lé ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó kúrú jù lọ lójú ewé náà. Ó mọ ọ̀kan. Gbogbo ojú ewé yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń kọ. Ó ń yà á ni, bí ènìyàn ṣe ń ya àwòrán ẹyẹ.

Mo béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Ó gbà pé olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì á ti mọ̀ nípa rẹ̀. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó ti yanjú ìyẹn. Àwọn méjèèjì ò purọ́ fún mi. Ọ̀gá tí ì bá pe àwọn méjèèjì jókòó wà nínú mọ́tò lójú ọ̀nà Òṣogbo, ó gbé fáìlì lé itan.

Mi ò bá ọ̀gá yẹn wí. Mo mọ ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Òun ló ń ka orí àga tó kù, òun ló ń bá ẹni tó dáko sínú ọgbà ilé-ìwé jà. Òun ló ń forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún WAEC àti NECO, òun ló ń wá ibi tí agùnbánirọ̀ tí ìjọba fi ránṣẹ́ yóò sùn sí. Bí òjò bá ṣí òrùlé, òun ni. Bí ọmọ bá fọ́ orí ọmọ, òun ni. Gbogbo àkọsílẹ̀ tí òfin ní kó wà nílẹ̀, rẹ́jísítà, ìwé ìgbàwọlé, ìwé ìjìyà, ìwé àlejò, ọrùn rẹ̀ ni wọ́n wà. Nígbà tí alábẹ̀wò bá dé, ìwé wọ̀nyí ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Ta ni yóò dá ọ̀gá lẹ́bi tó bá gbà pé ìwé wọ̀nyí ni iṣẹ́ òun?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà, "ọ̀gá", yẹ̀ wò. Ní Kúta níhìn-ín, tí a bá ní ẹnì kan jẹ́ ọ̀gá télọ̀, a mọ ohun tí à ń sọ. Ẹni tó ń wo ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ni. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gé ọrùn aṣọ kọjá bó ṣe yẹ, ọ̀gá ti rí i kí sísọ́ọ̀sì tó kúrò nínú aṣọ. Ọ̀gá mẹkáníìkì kì í fi ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ sídìí ẹ́ńjìnnì láti àárọ̀ títí di alẹ́ kó wá máa béèrè bóyá ó kọ dáyárì. Ilé-ìwé nìkan ni a ti lè jẹ ọ̀gá fún ọdún mẹ́wàá láì rí bí àwọn tí a jẹ́ ọ̀gá lé lórí ṣe ń ṣiṣẹ́.

Àwọn ará agbègbè wa kò sì ṣàì mọ bí a ṣe ń kọ́ ènìyàn níwèé. Kí ilé-ìwé òyìnbó tó gbilẹ̀ ní ẹkùn Ìwó ni wàláà ilé kéú ti wà. Ọba Mọ́mọ́dù Lámuyè tó jẹ Olúwòó ní ọ̀rúndún 19, mùsùlùmí ni. Ẹ lọ sí ilé kéú ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí i. Ọmọ á kúnlẹ̀ síwájú Ààfáà pẹ̀lú wàláà rẹ̀, á kà á sókè. Bó bá ṣì í, Ààfáà á tún un ṣe. Bí kò bá tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, kò ní fọ wàláà náà láti kọ òmíràn sí i. Pàṣán pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, mi ò sì fara mọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí Ààfáà kan tí kò lè sọ fún yín, láì wo ìwé kankan, ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ máa bi àwọn ọ̀gá ilé-ìwé wa nìyẹn: ọmọ yìí, ibo ló kà á dé?

Mo ní ẹ̀rí lọ́wọ́ pé ọ̀gá lè ṣe é, nítorí pé wọ́n ṣe é fún èmi gan-an. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Kúta ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Gómìnà Bọ́lá Ìgè sọ ọmọ di rẹpẹtẹ nínú kíláàsì, olùkọ́ kò tó, àga kò tó. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ìwé girama kan láti kọ́ ìṣirò. Ọ̀gá wa níbẹ̀ jẹ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àga wọ kíláàsì mi, ó jókòó sẹ́yìn, kò wí nǹkan kan. Mò ń kọ́ wọn bí a ṣe ń ro ìdá pọ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo sáré kọ́ni. Mo ní, "Ṣé ó yé yín?" Wọ́n ní, "Ó yé wa, mà!" Inú mi dùn.

Ní ọ̀sán, ó pè mí. Kò bá mi wí. Ó ní, "Tíṣà, ọmọ mélòó ló mọ̀ ọ́n?" Mo ní gbogbo wọn ni, sà. Ó na ìwé mẹ́wàá tó kó jọ nígbà tí mo jáde sí mi. Nínú mẹ́wàá, mẹ́fà ló ro ìdajì àti ìdá kan nínú mẹ́ta pọ̀, tí wọ́n kọ ìdá méjì nínú márùn-ún. Wọ́n ro òkè mọ́ òkè, wọ́n ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ojú tì mí. Ó ní kí n má dààmú, ó ní kí n wá jókòó sẹ́yìn ní ọ̀la.

Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ kọ́ wọn. Kọ́ńgò àti gàrí ló gbé wá. Ó wọn ìdajì kọ́ńgò, ó dà á sórí ìwé ìròyìn. Ó wọn ìdá kan nínú mẹ́ta, ó dà á lé e. Lẹ́yìn náà ó wọn ìdá méjì nínú márùn-ún lọ́tọ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní iye wọn nìyí. Ẹ wá wò ó." Àwọn ọmọ pariwo. Wọ́n rí i pé èyí tí wọ́n pè ní àròpọ̀ kò tó ìdajì tí wọ́n kọ́kọ́ dà sílẹ̀! Èdè Yorùbá ni ó fi ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ kó tó kọ ọ́ sórí pátákó lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣẹ́jú 40 péré ni. Láti ọjọ́ náà títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò bi kíláàsì kankan pé "ṣé ó yé yín?" mọ́. Ìwé wọn ni mo máa ń wò.

Ọlọ́lá, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo lọ ní ilé ìtura láàárín ọdún 35 yẹn pọ̀, mo sì ń gba báàgì àti bírò níbẹ̀. Kò sí èyí tó ṣe fún mi tó ohun tí gàrí ọ̀gá mi ṣe.

Àwọn tó ń fi ìwádìí wọn nǹkan náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ní 2008, Viviane Robinson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ láti mọ èwo nínú iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ló ń ran ẹ̀kọ́ ọmọ lọ́wọ́ jù lọ. Ohun márùn-ún ni wọ́n gbé lé òṣùwọ̀n. Èyí tó wúwo jù ni kí ọ̀gá máa bá àwọn olùkọ́ rẹ̀ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ pọ̀, kí ó jókòó tì wọ́n gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ìlọ́po méjì ìwọ̀n èyí tó tẹ̀lé e ni ìwọ̀n rẹ̀. Kí ọgbà wà létòlétò, kí gbogbo nǹkan tò, ló kéré jù nínú márààrún. Mi ò sọ pé kí ọgbà wà ní wúruwùru. Mò ń sọ pé ibi tí a kó agbára ọ̀gá sí ni èrè ti kéré jù.

Nílé wa níbí, kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ọdún kẹrin lọ, Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò sì gbẹ́yìn. Gbogbo ayé ló ń tọ́ka sí èdè nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì tọ́. Àmọ́ ohun tó wọ èmi lọ́kàn ni pé ẹnì kan ń wò. Wọ́n kọ ìwé fún iṣẹ́ náà, wọ́n ń kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n ń yẹ ọmọ wò, wọ́n ń tún un ṣe. Mọdákẹ́kẹ́ kò jìnnà sí wa, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà ni. Bí ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Kúta bá sọ fún olùkọ́ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ pé, "Kọ́kọ́ fi Yorùbá là á yé wọn," ó yẹ kó mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn òun, kó má máa bẹ̀rù alábẹ̀wò.

Ẹ tún wo Kwara. Ní 2008, ìjọba ibẹ̀ fún àwọn olùkọ́ 19,125 ní ìdánwò lórí ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ 75 péré ló dé ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀. Wọn ò fi í pamọ́, mo sì bu ọlá fún wọn lórí ìyẹn. Ohun tó dùn mí ni pé ìdánwò ìjọba ni wọ́n fi mọ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn olùkọ́ wọ̀nyẹn ní ọ̀gá ilé-ìwé tó ń buwọ́ lu nóòtì ẹ̀kọ́ wọn.

Ní ti àwa ní Ọ̀ṣun, àtúntò la fi ń wá ìwòsàn. Ní 2012, wọ́n tún ilé-ìwé tò, wọ́n yí orúkọ padà, wọ́n da àwọn kan pọ̀, wọ́n sọ yunifọ́ọ̀mù di ọ̀kan. Ní 2020, ìjọba mìíràn kéde pé kí ó padà sí bó ṣe wà. Ọ̀gá ilé-ìwé ló gbé e lórí lẹ́ẹ̀mejèèjì, tó ń to rẹ́jísítà, tó ń bá òbí tó ń bínú sọ̀rọ̀. Láàárín rẹ̀, ní 2013, Ọpọ́n Ìmọ̀ dé, tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò sínú rẹ̀. Èrò rere ni, mi ò sì ní sọ ọ́ láìdáa. Ṣùgbọ́n tábúlẹ́ẹ̀tì kò lè wo ojú ọmọ kó sì mọ̀ pé ó ń yàwòrán ni, kò ka nǹkan kan.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín kò la owó púpọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí àárọ̀ jẹ́ ti ilé-ìwé. Láti aago mẹ́jọ sí aago méjìlá, kí ẹnikẹ́ni má pe ọ̀gá ilé-ìwé kankan sí Òṣogbo tàbí sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ilé-Ogbó, àyàfi tí iná bá ń jó. Fọ́ọ̀mù tí fóònù lè gbé, ẹ jẹ́ kí fóònù gbé e. Mo mọ̀ pé ìwé àṣẹ kan láti ọ́fíìsì yín tó láti ṣe èyí.

Ẹ sì jẹ́ kí ọ̀gá pẹ́ níbi tí ẹ bá fi í sí. Ẹni-ọ̀wọ̀ Israel Ransome-Kuti, tó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ olùkọ́, NUT, ní 1931, lo ọdún 22 gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ní Abeokuta Grammar School, láti 1932 sí 1954. Canon Mason lo ọdún 18 ní Christ's School, Adó-Èkìtì. Tai Solarin, tó dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, lo ogún ọdún gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá níbẹ̀, inú ọgbà náà ló sì ń gbé. Mo mọ̀ pé àwọn ilé-ìwé wọ̀nyẹn kò dà bí ilé-ìwé ìjọba tòní, mi ò sì béèrè fún ogún ọdún. Ẹ fún wa ní ọdún márùn-ún. Ọ̀gá tó mọ̀ pé òun lè lọ ní táàmù tó ń bọ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ ohun tí yóò gba ọdún méjì. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbààgbà Kúta, ọ̀rọ̀ yín wà nínú èyí náà: ẹ yé lọ bá olóṣèlú pé kí wọ́n gbé ọ̀gá kúrò nítorí pé ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ yín.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí àga yẹn kó tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá wa, ọjọ́ orí lẹ́nu iṣẹ́ ló gbé wọn débẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ irú iṣẹ́ yìí, NIEPA, wà ní Oǹdó láti 1992, ọ̀nà rẹ̀ kò jìn. Ní Ìwó tó súnmọ́ wa yìí, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà, Yunifásítì Bowen wà. Kí ló dé tí àwọn tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ kò fi ní máa wá bá àwọn ọ̀gá wa jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n jọ yẹ ìwé àwọn ọmọ wò?

Tí àwọn alábẹ̀wò yín bá sì dé, ẹ ní kí wọ́n ti rẹ́jísítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Kí wọ́n pe ọmọ mẹ́wàá, kí wọ́n ní kí wọ́n kàwé.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé Kúta, Olúpọ̀nnà àti Ilé-Ogbó, ẹ má dúró de Abéré. Ohun tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ wà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú táàmù, ẹ gbọ́ bí ọmọ JSS 1 kọ̀ọ̀kan ṣe ń kàwé. Bí ọmọ bá jẹ́ 120, tí ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, wákàtí mẹ́fà ni. Ẹ pín in fún olùkọ́ mẹ́fà, wákàtí kan péré ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀yin náà sì wà lára àwọn mẹ́fà náà. Àwọn tí kò bá lè kà, ẹ kó wọn jọ fún wákàtí kan lójúmọ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n wà, kì í ṣe láti ibi tí ìwé ìlànà ní kí wọ́n wà. Ẹgbẹ́ Pratham ní Íńdíà ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ní ti pé ohun tí ọmọ mọ̀ ni wọ́n fi ń pín ẹgbẹ́, kì í ṣe ọjọ́ orí, àwọn ọmọ sì ń kàwé. Ẹ mú iṣẹ́ kan kí ẹ máa fọwọ́ ara yín kọ́ ọ, ó kéré tán kíláàsì kan. Olùkọ́ tó rí ọ̀gá rẹ̀ tí ṣọ́ọ̀kì kún ọwọ́ rẹ̀ kì í fojú ọlọ́pàá wò ó nígbà tó bá gbé àga wọlé.

Òwu ni wá. Ọmọ Òwu ni Olóyè Ọlúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó ṣí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ UPE ní 1976, tó tún ṣí UBE ní 1999, kí òfin rẹ̀ tó jáde ní 2004. Òfin yẹn ti kó ọmọ wọ ọgbà ilé-ìwé. A sì ti gbọ́ ìtàn Anlúgbuà, akọni Òwu tí wọ́n ní ó ṣèlérí fáwọn èèyàn rẹ̀ pé bí ogun bá dé, kí wọ́n ké pe òun. Akọni ogun ni ìyẹn yẹ, kò yẹ ọ̀gá ilé-ìwé. Ọ̀gá ilé-ìwé tí a kì í rí àfi tí ọmọ bá ja ìjà tàbí tí èsì WAEC bá burú, ẹ̀pa ò bóró mọ́ nígbà tó bá dé. Lójoojúmọ́ la nílò rẹ̀, lọ́jọ́ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ọmọbìnrin tí mo sọ yẹn ń wá sí ilé mi báyìí ní gbogbo Sátidé. Yorùbá la fi bẹ̀rẹ̀, a-b-d. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí mílíìkì, láti orí dé ìdí, ó wá tún un kà láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Ó ti mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wá. Wọ́n ní àwọn mìíràn ṣì ń bọ̀. Pálọ̀ mi kò lè gbà ju mẹ́fà lọ, Ọlọ́lá, ilé-ìwé yín sì gba gbogbo wọn.

Èmi ni,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Kúta.